Láti Wífọ́ọ̀nù dé Rìlásà: Bí a ṣe ń Pèsè Irun Sílẹ̀ kí a tó Nà á

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ irun orí mu púpọ̀, àgàgà irun obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ wífọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì fẹ́ fi rìlásà nà. Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni a máa ń tú wífọ́ọ̀nù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí a ó sì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta pé kí wọ́n bá wa na irun, nítorí ìnáwó tí a fẹ́ lọ ní ọ̀sán. Bí irun bá wá ń já, tàbí tí iwájú orí bẹ̀rẹ̀ sí í pá, a ó ní ayédèrú ni rìlásà náà, tàbí kí a ní ọwọ́ onídìrí yẹn kò bá irun wa mu.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe inú ike rìlásà nìkan ni ewu wà. Àárín ọjọ́ tí a tú irun sí ọjọ́ tí a nà á ni irun púpọ̀ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni a ti lè gbà á là. N ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irun nínú èdè wa, n ó sọ ohun tí wífọ́ọ̀nù àti rìlásà ń ṣe sí irun tí kẹ́míkà kò tíì kàn rí, lẹ́yìn náà ni n ó wá to ìgbésẹ̀ tí ó yẹ lẹ́sẹẹsẹ.

Irun nínú èdè wa

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe púpọ̀ fún iṣẹ́ orí. A ń fá orí, a ń gẹ irun, a ń di irun, a ń ba irun, a ń fi òwú kó irun, a ń tú irun, a ń ya irun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí a bá ní obìnrin kan ba irun, a mọ̀ pé ńlá ńlá ni ó dì í, kò dì í wẹ́wẹ́. Bí a bá ní ó kó irun, a mọ̀ pé òwú ni ó fi wé e. Àwọn irun dídì pàápàá ní orúkọ: ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kojúsọ́kọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1968. Nígbà tí ó fi máa kú ní ọdún 2014, fọ́tò irun tí ó ti yà ti sún mọ́ 1,000.

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni ó kàn wá jù lọ níhìn-ín: tú àti nà. Tú ni òdì kejì dì. Àwọn ìyá àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ fún mi pé nígbà èwe àwọn, bí a bá tú irun tán, a ó yà á, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi òrí tàbí àdín pa á, a ó sì bà á sílẹ̀ kí awọ orí lè sinmi, kí a tó tún lọ jókòó sí iwájú onídìrí. Nítorí náà, títú kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Òun gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ irun tí ó kàn.

Ní ti nà, ohun tí ó bá ká tàbí tí ó lọ́ ni a ń nà. A ń na okùn, a ń na ẹsẹ̀, a sì ń na irun. Nígbà tí òòyà gbígbóná ni a fi ń na irun, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá ti pa irun náà, yóò tún ká padà. Rìlásà kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tí rìlásà bá ti nà kò ní ká bí ó ti ń ká tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tí ó bá hù lẹ́yìn náà nìkan ni yóò ká. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni a ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì, èyí sì lè mú kí ènìyàn rò pé bákan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe bákan náà rárá. Èyí tí a lè tún ṣe ni ti òòyà, èyí tí a kò lè yí padà ni ti rìlásà.

Ohun tí ó wà lábẹ́ wífọ́ọ̀nù

Wífọ́ọ̀nù ni irun tí a rà ní ọjà, tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mọ́ irun tiwa tí a ti dì mọ́lẹ̀. Ó ní àǹfààní tirẹ̀. Kò ní jẹ́ kí a máa fi òòyà fa irun wa lójoojúmọ́, ó sì ń dín ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ó ti wà lórí, nǹkan mẹ́rin ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kì í rí.

Èkínní, irun tí ó bọ́ kò rí ọ̀nà jáde. Orí ènìyàn tí ara rẹ̀ dá máa ń bọ́ irun bí 50 sí 100 lójúmọ́. Bí a bá gbé wífọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ 8, tí í ṣe ọjọ́ 56, irun tí ó bọ́ yóò wà láàárín 2,800 sí 5,600, inú irun tí a dì náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì wà. Ìdí nìyí tí obìnrin fi máa ń rí ìṣù irun ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tú u. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ bọ́.

Èkejì, òógùn, eruku àti òróró máa ń dì mọ́ ìdí irun, ní ojú ibi tí a ti pín in. Ẹ̀kẹta, irun náà máa ń gbẹ, nítorí pé òróró àti omi kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹrin, òwú àti ìwúwo wífọ́ọ̀nù ń fa ìdí irun, pàápàá níwájú orí àti ní ẹ̀bá etí. Bí a bá tètè jáwọ́ nínú fífà yìí, irun tí ó pá lè hù padà. Bí ó bá pẹ́ jù, ojú ihò tí irun ti ń hù yóò di àpá, kò sì ní hù mọ́.

Ohun tí rìlásà ń ṣe

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú oògùn yìí ti wá sọ́dọ̀ wa. Garrett Morgan, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Cleveland, dá ilé iṣẹ́ tí ó ń ta oògùn tí ó ń na irun sílẹ̀ ní ọdún 1913. Ní ọdún 1954, George Johnson dá ilé iṣẹ́ Johnson Products sílẹ̀ ní Chicago, rìlásà fún irun ọkùnrin ni ó sì kọ́kọ́ tà.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ rìlásà ni sodium hydroxide, ìyẹn sódà tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Òṣùwọ̀n kan wà tí a ń pè ní pH, tí a fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀. Omi lásán wà ní 7. Rìlásà sábà máa ń wà láàárín 12 sí 14. Purotéènì ni irun, àwọn ìdè kéékèèké tí imí ọjọ́ wà nínú wọn ni ó so ó pọ̀. Rìlásà máa ń ṣí ara irun sílẹ̀, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì já púpọ̀ nínú ìdè wọ̀nyí. Nígbà náà ni irun yóò tó gbà kí a nà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìdè kan náà yìí wà lára ohun tí ó ń fún irun ní agbára. Kò sí irun tí a nà tí ó le tó bí ó ti le kí a tó nà á.

Irú kan tún wà tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò ní sódà nínú. Calcium hydroxide ni a ń pò mọ́ guanidine carbonate nínú èyí. Ó máa ń rọ awọ orí lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí irun gbẹ, òun náà sì lè jó ènìyàn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ ara páálí yẹn kí ó má ṣe rò pé wọ́n ní kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí a wá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wífọ́ọ̀nù ti mú kí irun gbẹ, ó ti fa ìdí rẹ̀, awọ orí sì lè ti bó níbi tí a ti fi ọwọ́ họ ọ́. Bí a bá gbé sódà lé irú orí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ohun tí ó yẹ kí ó na irun ni yóò já a, ohun tí ó yẹ kí ó dúró lára irun ni yóò wọ inú egbò.

Ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé

1. Títú. Kí a wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹlòmíràn sì bá wa tú ẹ̀yìn orí, nítorí pé bí abẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àlùmọ́gàjí kékeré ni kí a fi gé òwú, lára wífọ́ọ̀nù ni kí ẹnu rẹ̀ sì wà, kí ó má kọjú sí irun wa. Bí a kò bá dá òwú mọ̀ yàtọ̀ sí irun, kí a má gé ohunkóhun níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wífọ́ọ̀nù bá ti kúrò, kí a máa tú irun tí a dì náà láti òpin rẹ̀ wá sí ìdí.

2. Yíya kí omi tó kàn án. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù. Bí omi bá kan irun tí àwọn irun tí ó bọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré, àlùmọ́gàjí ni yóò sì kẹ́yìn rẹ̀. Kí a fi àdín àgbọn tàbí òrí yíyọ́ pa irun, kí a fi ìka fa àwọn irun tí ó ti bọ́ jáde, kí a sì fi ọwọ́ tú ìdọ̀tí tí ó dì sí ìdí irun ká díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a mú òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, kí a pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí a sì máa yà á láti òpin irun lọ sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀, ó ń kó kókó jọ sí òpin ni.

3. Fífọ̀. Kí a fi ṣáńpù fọ orí ní ìpín-ìpín, kí a fi orí ìka fọ awọ orí, kí a má fi èékánná họ ọ́. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, ó sàn kí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì jẹ́jẹ́ ju kí a bó o lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí a sì fi kọ̀ndíṣọ́nà sí i, kí irun lè rọ̀.

4. Ìtọ́jú àti ìsinmi. Láti ọjọ́ tí a tú irun, kí ó tó ọ̀sẹ̀ 2 kí a tó ronú rìlásà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a lè lo oògùn irun tí purotéènì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi èyí tí ó ń fún irun ní omi tẹ̀ lé e. Purotéènì ní àpọ̀jù máa ń mú kí irun le gbagidi, kí ó sì já, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tó. Láàárín àkókò yìí, kí a ba irun ní ńlá ńlá láìfún un. Ẹni tí ó bá tún dì í fún ìnáwó tí òwú sì fà á, kò fún un ní ìsinmi.

5. Àyẹ̀wò. Kí a fa okùn irun kan tí ó tutù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gùn díẹ̀ tí ó sì padà sí bí ó ti wà, ó ní agbára. Bí ó bá já lójú ẹsẹ̀, kí a sún rìlásà síwájú. Kí a tún jẹ́ kí ẹlòmíràn wo awọ orí wa ní ìmọ́lẹ̀, láti iwájú orí dé ìpàkọ́, bóyá egbò, eéwo tàbí ibi tí ó pupa wà. Lẹ́yìn èyí, kí onídìrí fi rìlásà náà dán irun díẹ̀ wò ní ẹ̀yìn etí, kí a sì wo bí ó ti ṣe kí a tó gbà á sí gbogbo orí.

6. Ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣáájú. Kí a má fọ orí fún ọjọ́ 3, ó kéré tán, kí a tó na irun. Òróró tí ara ń sun sí awọ orí jẹ́ ààbò. Kí a má fi òòyà họ orí, kí a má sì fi ọwọ́ gbá a nítorí pé ó ń yún wa. Ojú họ́họ́ kékeré tí a kò rí ni rìlásà yóò kọ́kọ́ fi hàn wá.

7. Ọjọ́ nínà. Kí a fi Vaseline pa etí, iwájú orí, ìpàkọ́ àti awọ orí níbi tí a bá ti pín irun. Kí onídìrí wọ ìbọ̀wọ́. Nítorí pé irun tí kẹ́míkà kò tíì kàn rí ni, àárín irun ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó sún mọ́ awọ orí ni a ń fi ṣe ìkẹyìn, torí pé ooru orí máa ń mú kí oògùn náà yára ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iye ìṣẹ́jú tí a kọ sára ike ni kí a tẹ̀ lé. Àwọn kan gbà pé bí ó bá ń ta ni ó ń ṣiṣẹ́, wọn a sì ní kí oníbàárà fara dà á. Irọ́ ni. Irun kò ní ẹ̀mí tí yóò fi mọ ìrora. Bí ó bá ń ta, awọ orí ni ó ń jó. Kí a fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé irun kò tíì nà dáadáa.

Lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́, kí a lo ṣáńpù tí ó ń pa agbára kẹ́míkà náà. Irú rẹ̀ kan wà tí ìhóòhò rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí kẹ́míkà bá ṣì wà nínú irun. A ó máa fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun.

Ẹni tí ó yẹ kí ó dúró

Ẹni tí ó ní egbò lórí kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn bó àwọ̀ irun rẹ̀ kí ó dúró. Ẹni tí ó ní kọ́ọ̀lì lórí, ìyẹn irun tí a fi kẹ́míkà mú ká gbọọrọ, kò gbọdọ̀ fi rìlásà lé e, nítorí pé kẹ́míkà méjèèjì kò bára wọn gbé. Jíjá ni irun náà yóò já. Ẹni tí iwájú orí rẹ̀ ti ń pá, ọ̀dọ̀ oníṣègùn awọ ara ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tí irun rẹ̀ nà dáadáa: kí ó má ṣe sáré padà sínú wífọ́ọ̀nù. Ní ọdún 2008, Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa gbé ìwádìí jáde lórí orí pípá tí fífa irun ń fà. Wọ́n rí i pé ewu rẹ̀ ga jù lọ níbi tí a bá ti di irun tí ó ń fa orí sára irun tí a ti fi rìlásà nà. Èyí já sí pé àṣà tiwa, láti wífọ́ọ̀nù sí rìlásà, láti rìlásà sí wífọ́ọ̀nù, ni ó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ fi ìwádìí mìíràn pamọ́ fún ara wa. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde lórí obìnrin 33,497 tí wọ́n tọ pa ìlera wọn fún nǹkan bí ọdún 11. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, nínú obìnrin 1,000 tí kì í lo oògùn tí ń na irun, bíi 16 ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Nínú 1,000 tí ó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, iye náà tó 40. Ìwádìí náà kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oògùn irun ni ó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ó yẹ kí obìnrin mọ̀ kí ó tó pinnu, kí ó sì jẹ́ kí àárín rìlásà kan sí èkejì jìnnà.

Ìgúnlẹ̀

N kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má na irun rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣùkú kí ó ṣe ṣùkú, ẹni tí ó bá fẹ́ rìlásà kí ó ṣe rìlásà. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣọ tí ó bá ya, a lè rán an. Ihò irun tí ó bá ti di àpá, kò sí onídìrí tí yóò ṣí i.

Mo rọ àwọn onídìrí wa pé kí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé, "Ìgbà wo ni ẹ tú irun yín?" kí wọ́n tó ṣí ike. Bí ó bá ní àná ni, kí wọ́n bá a ba irun náà, kí wọ́n gba owó irun bíbà, kí wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn fún un. Mo sì rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹgbẹ́ mi pé bí ìnáwó bá wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ kò sì tíì tú wífọ́ọ̀nù, gèlè wà. Ẹ wé e lọ.